Ìlù tí wọ́n kọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé Dúró Ládípọ̀ dé ìlú Berlin

Ní àsìkò ọdún Àjíǹde 1961, awuyewuye kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ní ìlú Òṣogbo. Olùkọ́ ilé ìwé kan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ kátíkíìsì, kọ kàǹtátà Àjíǹde fún àwọn akọrin. Ìtàn ikú àti àjíǹde Jésù ló wà nínú orin náà, kò sì sí ohun tó lòdì sí Bíbélì níbẹ̀. Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni pé olùkọ́ yìí kó ìlù àwọn baba wa wọ inú ilé Ọlọ́run. Àwọn kan nínú ìjọ fárígá. Lójú tiwọn, ojúbọ òrìṣà ni irú ìlù bẹ́ẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó máa gbé.

Orúkọ olùkọ́ náà ni Dúró Ládípọ̀. Kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà náà. Ká ní ó kó ìlù náà padà sílé, tó sì tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá ibòmíràn tí yóò gbé ìlù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1964, ìyẹn ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ìlù yìí kan náà ń dún ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá rárá sì jókòó pẹ̀sẹ̀, wọ́n ń wò.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fojú ara yín rí Ọba Kò So lórí ìtàgé, tàbí tí ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí bí a ṣe fẹ́ ròyìn rẹ̀ tí yóò dà bí ohun tí ẹ rí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A kò tíì bí àwa tí à ń kọ ìròyìn yìí nígbà tí Dúró Ládípọ̀ jáde láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ parẹ́, nítorí ohun tí ọkùnrin náà fi ayé rẹ̀ ṣe kan ọ̀ràn kan tó ṣì wà lọ́rùn gbogbo wa títí di òní.

Ọmọ kátíkíìsì

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1931 ni wọ́n bí i. Dúródọlá ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹ̀yin àgbà mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń gbọ́ Dúrójayé, Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, a ti mọ̀ pé òbí tó sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ni kó jókòó ti àwọn. Ọmọ tí wọ́n bẹ̀ pé kó dúró jẹ ọlá, ó dúró lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dúró pẹ́ tó bí a ṣe fẹ́.

Inú ilé Krìstẹ́nì ni wọ́n ti tọ́ ọ. Orin mímọ́ àti ìwé àdúrà ló bá nílé, ó sì mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n Òṣogbo kì í ṣe ìlú tí ọmọdé lè gbé kó má gbọ́ ìlù. Ọdún Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, ọdún egúngún wà níbẹ̀, àwọn oníṣàngó sì ń jó bàtá kiri àdúgbò. Ọmọ kátíkíìsì kò ní í bá wọn jó, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé kí etí rẹ̀ má gbọ́? Ohun méjèèjì yìí, orin ṣọ́ọ̀ṣì àti ìlù ìta, ni wọ́n jọ dàgbà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe. Ó ṣe é títí dé Kàdúná ní òkè Ọya láàrin àwọn ọdún 1950, kó tó padà wá sí Òṣogbo. Nídìí iṣẹ́ yìí náà ló ti ń kọ orin fún àwọn akọrin ìjọ.

Kí ló ń wá nínú ìlù?

Ó yẹ ká ṣàlàyé ìdí tí olùkọ́ ilé ìwé yóò fi máa bá àwọn ará ìjọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ìlù. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Bí ohùn bá ti yí, ìtumọ̀ ti yí nìyẹn. Ọkọ́ tí à ń fi roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sí oko àti ọkọ tó ni ìyàwó, lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé, wọ́n kó ohùn orin wọn wá láti ìlú òyìnbó, wọ́n sì tò ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀. Níbi tó yẹ kí ohùn lọ sókè, orin á gbé e lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé orin lọ́wọ́ lè má mọ ohun tí à ń kọ.

Ìlù dùndún kò ní irú ìṣòro yẹn. Ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ náà ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ orin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò yé ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù ni yóò tẹ̀ lé. Ohun tí Dúró Ládípọ̀ rí nìyẹn. Òun nìkan kọ́ ló rí i, nítorí pé àwọn ìjọ Aládùúrà ti ń lulù nínú ìsìn wọn tipẹ́. Kódà, inú ìjọ Aládùúrà ni Olóògbé Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1944. Ṣùgbọ́n ìjọ àwọn míṣọ́nnárì ní Òṣogbo kò tíì ṣe tán láti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní 1961.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kò wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kàǹtátà rẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwé àti sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìwọ̀ oòrùn ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1959. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961 yìí kan náà, ó gbé orin Kérésìmesì rẹ̀ lọ sí ilé ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn.

Láti ilé ọtí di ilé eré

Àwọn òǹkọ̀wé ọ̀dọ́ ìgbà náà ló ń pàdé ní Mbari Ìbàdàn. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, Chinua Achebe, J. P. Clark àti Christopher Okigbo náà wà níbẹ̀. Ulli Beier, ará Jámánì tó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn ní 1950, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìgbò ni "mbari". Ilé alámọ̀ tí wọ́n máa ń kọ́ fún Àlà, òrìṣà ilẹ̀, tí wọ́n á sì fi oríṣiríṣi ère ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Dúró Ládípọ̀ rí ní Ìbàdàn wù ú. Ó ní kí irú rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Nígbà náà, ó ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Popular Bar. Ilé yìí ni òun àti Ulli Beier sọ di ilé eré àti ilé ìpàtẹ àwòrán, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1962.

Àwọn ará Òṣogbo ò mọ ohun tó ń jẹ́ mbari. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe Yorùbá, wọ́n gba ọ̀rọ̀ àjèjì náà, wọ́n sì tún un ṣe kó lè wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni ń sọ pé bí òun bá rí i, inú òun yóò dùn. Orúkọ tí àwọn aráàlú fún ilé náà ló mọ́ ọn lára. Kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá rárá. Àárín ìlú ló wà, tí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ lè yà síbẹ̀ wò.

Ká rántí pé ìgbà yẹn, ibi méjì ni eré wà. Ní yunifásítì, gbọ̀ngàn dáadáa wà, iná wà, àga wà, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe eré tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ìta, àwọn ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri ń wọ ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ìlú, nínú ilé ìwé àti nínú àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì. Eré tó ń mú ni rẹ́rìn-ín àti ijó tí fèrè òyìnbó ń gbè lẹ́yìn ló ń pa owó fún wọn. Dúró Ládípọ̀ kò sí nínú àwọn ti yunifásítì. Ó jáde kiri bí àwọn alárìnkiri, ṣùgbọ́n ohun tó gbé kiri yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ló dúró sí láàrin méjèèjì.

Ọba mẹ́ta lórí ìtàgé

Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí Mbárí Mbáyọ̀. Ìtàn Aláàfin Abípa ni. Nígbà tí ọba yìí fẹ́ kó ìlú kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ dá ọgbọ́n. Wọ́n kó àwọn ènìyàn tí ìrísí wọn yàtọ̀ lọ sí ibẹ̀ láti máa ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Àwọn ọdẹ ọba ló mú àwọn "ọ̀rọ̀" náà, ibẹ̀ sì ni orúkọ ọba ti wá.

Ní 1963, nígbà tí Mbárí Mbáyọ̀ pé ọdún kan, Ọba Kò So jáde. Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ìtàn náà. Ṣàngó jẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, ó ní akọni méjì, Tìmì àti Gbọ́nkáà, tí agbára wọn ti ń kó ìlú láyà sókè. Ó rán Tìmì lọ ṣọ́ ẹnu ibodè ní Ẹdẹ. Nígbà tí Tìmì di ńlá níbẹ̀, wọ́n rán Gbọ́nkáà lọ mú un wá. Àwọn méjèèjì wọ̀yá ìjà, Gbọ́nkáà sì borí. Lẹ́yìn tó pa Tìmì, ó kojú sí ọba fúnra rẹ̀. Ìbínú Ṣàngó ru, ó fi agbára rẹ̀ pa àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó sì fi ìtìjú kúrò nílé. Gbogbo àwọn tó ń tẹ̀ lé e padà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun nìkan nídìí igi àyàn. Nígbà tí àwọn ọ̀tá ń yọ̀ pé ọba so, àrá sán, ariwo sì yí padà.

Dúró Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, ló ṣe Ọya. Adémọ́lá Oníbọnòkúta ṣe Tìmì. Ẹni tó bá rò pé eré òrìṣà lásán ni, kò wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ alágbára tó wà láàrin ìbẹ̀rù ìlú àti ìbínú ara rẹ̀ ni. Ó fẹ́ tẹ́ àwọn ará ìlú lọ́rùn, ohun tó ṣe láti tẹ́ wọn lọ́rùn ló sì tú ilé rẹ̀ ká. Nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí àwọn aṣáájú ń bá ara wọn jà ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn tó jókòó wo eré náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ọba Wàjà tẹ̀ lé e ní 1964. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ìparí ọdún 1944. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, Olókùn-Ẹṣin yóò bá ọba lọ. Ọ̀gá òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè náà dá a dúró, ó sì rò pé òun gba ẹ̀mí là. Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ló wá kú dípò bàbá rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìtàgé. Ní 1975 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká tẹ ìwé Death and the King's Horseman jáde lórí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kan náà, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀.

Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn eré

Ohun tó ya eré Dúró Ládípọ̀ sọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré rẹ̀. Kò kọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Oríkì ni, ìjálá àwọn ọdẹ ni, ẹ̀sà egúngún ni, Ṣàngó pípè ni, ọfọ̀ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí Tìmì àti Gbọ́nkáà bá pàdé, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń na ara wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun ìjà.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wá láti inú ìwé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín lèèyàn ti ń kọ́ ọ. Ọmọ kátíkíìsì wá di ẹni tó ń jókòó ti àwọn oníṣàngó, àwọn ọdẹ àti àwọn onílù láti gbọ́ ohun tí bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́. Ó pa fèrè àti jìtá òyìnbó tì, bàtá àti dùndún ló kù. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí eré rẹ̀ dà bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ògúndé ń fi orin àti ijó bá ìjọba wí. Kọ́lá Ògúnmọ́lá mọ bí a ṣe ń fi ìwà ọmọ ènìyàn pa ni lẹ́rìn-ín. Ọ̀yìn Adéjọbí náà wà ní Òṣogbo, Bàbá Sàlá sì gba ìgboro kan lẹ́yìn wọn. Olúkúlùkù ló ní ibi tó mọ̀ ọ́n ṣe dé. Ti Dúró Ládípọ̀ ni ìtàn ọba àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tó gba kí òǹwòran fara balẹ̀.

Mbárí Mbáyọ̀ kò sì mọ sórí eré. Ní 1964, Georgina Beier bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá, inú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ ni wọ́n ti wá. Rufus Ògúndélé àti Múráínà Oyèlámì ń ṣeré, wọ́n tún ń ya àwòrán. Jímọ̀h Bùràímọ̀h ló ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ náà. Twins Seven-Seven, tó kú ní 2011, oníjó ni nígbà tó kọ́kọ́ yọjú síbẹ̀. Orúkọ àwọn wọ̀nyí dé ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní òkè òkun. Lérè Pàímọ́ tí gbogbo wa mọ̀ nínú fíìmù náà kọjá lọ́wọ́ Dúró Ládípọ̀. Ilé ọtí kékeré ni gbogbo èyí ti jáde.

Berlin àti Lọ́ńdọ̀nù

Ní 1964, wọ́n pe ẹgbẹ́ náà sí àjọ̀dún eré ní Berlin. Ìlú tí wọ́n fi ògiri là sí méjì ní 1961 ni Berlin ìgbà náà. Ọba Kò So ni wọ́n gbé lọ, Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Jámánì kí òyìnbó lè gbọ́. Bàtá dún, Ṣàngó yọ pẹ̀lú irun dídì àti ọṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn òǹwòran sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní 1965, wọ́n tún wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Ní àjọ̀dún yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe The Road ti Ṣóyínká ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà dá Dúró Ládípọ̀ lọ́lá ní ọdún yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Àwọn òyìnbó ló mú ẹ̀sìn tó ní kí ìlù dúró síta wá. Nígbà tí ìlù náà dé ìlú wọn, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì láti gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé à ń fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn bàbá ìjọ tó fárígá ní 1961 kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ti sa ipá wọn láti kúrò nínú ohun kan, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ìlù yóò fa àwọn ọmọ wọn padà sínú rẹ̀. Ohun tí wọn kò rí nígbà náà ni pé ìlù kì í ṣe ẹ̀sìn, èdè ni.

Bó ṣe lọ

Lẹ́yìn Berlin, kò jókòó. Mọ́remí wà lára eré rẹ̀, ìtàn obìnrin Ilé-Ifẹ̀ tó fi ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ jìn nítorí ìlú. Ẹ̀dá náà wà níbẹ̀, níbi tí ikú ti wá pe ọlọ́rọ̀ kan láìrò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbilẹ̀, eré rẹ̀ Bódé Wáásinmi wọ ilé àwọn tí kò lè dé Òṣogbo. Ní 1976, ó kópa nínú fíìmù Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun ṣe. Wọ́n tẹ Ọba Kò So jáde ní ìwé, àwọn olùkọ́ sì fi kọ́ ọmọ ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ eré alárìnkiri kì í ṣe iṣẹ́ ìsinmi. Òun ló ń kọ eré, òun ló ń darí rẹ̀, òun ló ń ṣe ọba, òun náà ló ń wá owó ọkọ̀ àti oúnjẹ gbogbo ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 1978, Dúró Ládípọ̀ jáde láyé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta péré ni. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà tú ká lójú ẹsẹ̀, ó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà, orúkọ Ọya kò sì kúrò lára rẹ̀.

Kí ló kù lọ́wọ́ wa?

Lónìí, kò sí ẹni tó ń jà nítorí dùndún nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ ìkórè, ẹ ó gbọ́ gángan, wọ́n á sì lù ú kí bíṣọ́ọ̀bù. Ohun tí olùkọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ń bẹ̀bẹ̀ fún ní 1961 ti di ohun tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Àjọ UNESCO ti kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sílẹ̀ ní 2005, wọ́n sì kọ ti ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 2023. Ní ti ìlù, Dúró Ládípọ̀ ti borí.

Ní ti ọ̀rọ̀, a kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìlù ti padà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó sí i ló gbọ́ ohun tí ó ń sọ? A ní òṣèré púpọ̀ lónìí, a ní kámẹ́rà, a ní iná, a sì ní owó tí Dúró Ládípọ̀ kò rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ gbé Ọba Kò So sórí ìtàgé lọ́la, tó fẹ́ ẹni tí yóò pe Ṣàngó bó ṣe yẹ ká pè é, tó fẹ́ ẹni tó mọ ìjálá dé ìdí, yóò rìn jìnnà kó tó rí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń darúgbó, púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Ìwé eré náà wà, ṣùgbọ́n ìwé kò lè kọ́ni bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò.

Ìdí nìyí tí a fi kọ ìròyìn yìí sí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú kéékèèké àti ní abúlé. Ọ̀dọ̀ yín ni Dúró Ládípọ̀ ti lọ kó ọ̀rọ̀, kì í ṣe yunifásítì. Ó ṣeé ṣe kí ọdẹ kan tó ń sun ìjálá wà ní àdúgbò yín, kí ìyá àgbà kan wà tó mọ oríkì ìdílé yín dé orírun. Ẹ pe ọmọ kan jókòó tì í. Bí ọmọ náà bá ní fóònù, kó fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò ní kí ọmọ kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀, kò sì ní kó bọ nǹkankan. Ọmọ kátíkíìsì ló kọ́ ọ, ó sì fi dé Berlin.

Àwọn àgbà ló sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Dúró Ládípọ̀ kò gbàgbé orísun. Wọ́n ní kó fi ìlù sílẹ̀ níta, òun náà bá a dúró síta, títí ayé fi jáde wá bá wọn níbẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó má sì jẹ́ kí ìlù náà dákẹ́ mọ́ àwa tí a ṣẹ́kù lọ́wọ́.